Ẹ̀dà Lẹ́tà fún Àwọn Àḿbásẹ́dọ̀

Ó ti ṣe díẹ̀ tí ọ̀rọ̀ kan ti ń jẹ mí lọ́kàn, ìsàlẹ̀ lẹ́tà kan ló sì ti bẹ̀rẹ̀. Ẹni tó bá ti kọ ìwé ẹ̀sùn rí nílẹ̀ wa mọ ibi tí mò ń wí. Tí wọ́n bá fọwọ́ síwèé tán, wọ́n á to orúkọ àwọn tó máa gba ẹ̀dà rẹ̀ sísàlẹ̀, kí ẹni tí wọ́n kọ̀wé sí lè mọ̀ pé ojú pọ̀ lórí ọ̀rọ̀ náà. Nínú lẹ́tà tí mò ń sọ yìí, àḿbásẹ́dọ̀ Amẹ́ríkà ló ṣáájú. Aṣojú Ìlú Ọba tẹ̀ lé e, Àjọ Ìṣọ̀kan Yúróòpù tẹ̀ lé ìyẹn, Kánádà náà sì wà níbẹ̀. EFCC ló gbẹ̀yìn.

Ilé ìwòsàn kékeré kan tí wọ́n kọ́ dé ìdajì ni ẹjọ́ náà dá lé, ní abúlé kan ní Yàgbà, Ìpínlẹ̀ Kogí. Mi ò ní dárúkọ abúlé náà, torí àwọn àgbà ṣì ń bójú tó ọ̀rọ̀ ọ̀hún. Ògiri ti dúró, wọ́n ti kan igi òrùlé sí i, ṣùgbọ́n páànù kankan kò gorí rẹ̀, òjò sì ti sọ igi náà di dúdú. Nínú yàrá tó yẹ kí wọ́n ti máa gbẹ̀bí, koríko ti ga dé ojú fèrèsé. Pátákó tí wọ́n rì mọ́lẹ̀ lẹ́bàá ọ̀nà ṣì wà níbẹ̀: orúkọ iṣẹ́ náà ṣeé kà, orúkọ agbaṣẹ́ṣe ti ṣí kúrò. Aboyún tó bá ń rọbí lóru, orí ọ̀kadà ló máa bá dé Ẹ̀gbẹ̀ tàbí Ìsánlú.

## Ìbéèrè Màmá

Ìpàdé ẹgbẹ́ ìdàgbàsókè ni wọ́n ti ka lẹ́tà náà, lásìkò ọdún tí àwọn ọmọ wa tó wà l'Ékòó àti l'Ábújá máa ń wálé. Gbọ̀ngàn kún fọ́fọ́. Ọ̀kan nínú àwọn ará Àbújá ló dá a lábàá pé kí wọ́n kọ orúkọ àwọn ẹ́ḿbásì sí i. Ó ní, "Àwọn èèyàn yìí ò bẹ̀rù ẹnikẹ́ni àfi òyìnbó. Ẹ jẹ́ kí wọ́n gbọ́ pé físà fẹ́ bọ́ lọ́wọ́ wọn, ẹ máa rí i bí wọ́n ṣe máa sáré wá kan páànù." Àtẹ́wọ́ sọ, ó sì pẹ́ kó tó dá.

Ìgbà náà ni Màmá kan nawọ́. Hẹ́dmístrẹ́ẹ̀sì ni wọ́n kí wọ́n tó fẹ̀yìn tì, ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó jókòó síbẹ̀ ni wọ́n sì kọ́ ní A-B-D. Wọ́n ní kí akọ̀wé gbé ìwé náà wá. Wọ́n wọ awò ojú wọn, wọ́n fi ìka tọ àwọn orúkọ ìsàlẹ̀ náà lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n tún fi ìka tọ̀ ọ́ pa dà sókè.

"Mò ń wá orúkọ ọmọ wa tó ń ṣojú wa ní Lọ́kọ́ja," wọ́n ní. "Mi ò rí i."

Akọ̀wé dákẹ́.

"Ti káńsẹ́lọ̀ ńkọ́? Ti alága káńsù?"

"Màmá, ẹ má bínú, àwọn gan-an là ń fẹjọ́ wọn sùn."

"Ṣé ẹ ti bi wọ́n, wọn ò dá yín lóhùn?"

Akọ̀wé wo alága ẹgbẹ́, alága wo ilẹ̀. Kò sẹ́ni tó tíì bi wọ́n. Láti ìgbà tí iṣẹ́ ti dúró, kò sí ìwé kankan tó ti ọwọ́ ìlú lọ sí káńsù lórí ilé ìwòsàn yẹn. Màmá dá ìwé náà pa dà fún akọ̀wé. Wọ́n ní, "Òyìnbó tí o kọ̀wé sí yìí, ṣé òun ló wá tọrọ ìbò lọ́wọ́ mi? Ẹni tó wá sẹ́nu ọ̀nà mi, tó dọ̀bálẹ̀, tó jẹ iyán mi, òun ni kẹ́ ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ bi."

Àríyànjiyàn tó tẹ̀ lé e le. Ará Àbújá yẹn kò gbà, kò sì yẹ kó gbà wẹ́rẹ́, torí ẹ̀rí wà lọ́wọ́ rẹ̀. Nígbẹ̀yìn, wọ́n tún lẹ́tà náà kọ. Káńsẹ́lọ̀, alága káńsù àti aṣojú wa nílé ìgbìmọ̀ aṣòfin ló wá ṣáájú. Ọ̀fíìsì ayẹ̀wéwò owó àgbà ní Lọ́kọ́ja tẹ̀ lé wọn. Wọ́n tọ́ka sí òfin ọdún 2011 tó fún ará ìlú lẹ́tọ̀ọ́ láti béèrè àkọsílẹ̀ ìjọba, kí wọ́n sì rí èsì láàárín ọjọ́ 7. Wọ́n yọ àwọn ẹ́ḿbásì kúrò pátápátá. Ohun tí mo ń rò látìgbà náà ni pé, ṣé ó yẹ kí wọ́n yọ wọ́n?

## Ẹ̀rí tó wà lọ́wọ́ ará Àbújá

Ẹ jẹ́ ká fún un ní ẹ̀tọ́ rẹ̀. Ní ọdún 2001, àjọ FATF, tí àwọn orílẹ̀-èdè alágbára dá sílẹ̀ láti máa ṣọ́ bí owó olè ṣe ń rìn káyé, kọ orúkọ Nàìjíríà mọ́ àwọn tí kò fọwọ́ sowọ́ pọ̀. Ọdún tó tẹ̀ lé e ni ìjọba Ọbásanjọ́ ṣe òfin tó dá EFCC sílẹ̀. Ọdún 2006 ni wọ́n tó yọ orúkọ wa kúrò. Wọ́n tún fi wá sábẹ́ ìṣọ́ ní oṣù Kejì ọdún 2023, a ò sì kúrò níbẹ̀ títí di oṣù Kẹwàá ọdún 2025. Àjọ tí gbogbo olóṣèlú ń gbọ́ orúkọ rẹ̀ lónìí tí ọkàn wọn ń já, ìhalẹ̀ àwọn ará òkèèrè wà lára ohun tó bí i.

Ọ̀rọ̀ James Ibori tún wà níbẹ̀. Ní oṣù Kejìlá ọdún 2009, ilé ẹjọ́ gíga ìjọba àpapọ̀ ní Àsàbà fagi lé gbogbo ẹ̀sùn tí EFCC fi kan gómìnà Delta tẹ́lẹ̀ náà. Wọ́n mú un ní Dubai ní 2010, wọ́n gbé e lọ sí Lọ́ńdọ̀nù ní 2011. Nígbà tó di 2012, ní kóòtù Southwark, òun fúnra rẹ̀ ló fẹnu ara rẹ̀ sọ pé òun jẹ̀bi, wọ́n sì jù ú sẹ́wọ̀n ọdún 13. Ẹni tí wọ́n dá sílẹ̀ ní Àsàbà náà ni wọ́n dè mọ́lẹ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù. Inú mi bàjẹ́ lọ́jọ́ náà, inú mi sì dùn, mi ò sì mọ èyí tó ju èkejì.

Owó tí Abacha kó pamọ́ ńkọ́? Switzerland gbà ní oṣù Kejìlá ọdún 2017 láti dá nǹkan bí 322.5 mílíọ̀nù dọ́là pa dà, pẹ̀lú Báńkì Àgbáyé tó ń ṣọ́ bí a ṣe máa ná an. Ní 2020, Amẹ́ríkà àti erékùṣù Jersey bá wa tọwọ́ bọ̀wé lórí mílíọ̀nù 308 dọ́là mìíràn. Bí kì í bá ṣe pé àwọn aṣojú ìjọba wọ̀nyí jókòó, tí wọ́n jọ fa ọ̀rọ̀ náà fún ọ̀pọ̀ ọdún, owó náà kò ní gbọ̀nà ilé. Nítorí náà mi ò lè bá ẹni tó ń pariwo pé kí òyìnbó gbájú mọ́ tiẹ̀ ṣọ̀rẹ́. Àdéhùn Vienna ti ọdún 1961 ní kí aṣojú orílẹ̀-èdè má ṣe dá sí ọ̀rọ̀ abẹ́lé ibi tí wọ́n rán an lọ, lóòótọ́. Ṣùgbọ́n owó tí wọ́n jí ní Nàìjíríà tí wọ́n fi ra ilé ní Lọ́ńdọ̀nù kì í tún ṣe ọ̀rọ̀ abẹ́lé ẹnì kankan mọ́.

## Ìyà tí ẹni tó jìyà nìkan mọ̀

Síbẹ̀, ẹ jẹ́ ká wo tiwa, tó ṣẹlẹ̀ níhìn-ín. Gbogbo wa ní Ìpínlẹ̀ Kogí la rí ìbò oṣù Kọkànlá ọdún 2019. Wọ́n dáná sun obìnrin kan tó jẹ́ olórí àwọn obìnrin nínú ẹgbẹ́ òṣèlú mọ́nú ilé rẹ̀ ní Ochadamu. Níhà ọ̀dọ̀ wa, ìbò sẹ́nétọ̀ ìwọ̀-oòrùn Kogí tí wọ́n dì ní ọjọ́ kan náà kò parí, wọ́n ní láti tún un dì lápá kan ní òpin oṣù náà. Ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 2020, ìjọba Amẹ́ríkà kéde pé àwọn ti fi físà du àwọn èèyàn kan nítorí ohun tí wọ́n ṣe lásìkò ìbò Kogí àti Bayelsa.

Ìròyìn náà dé orí WhatsApp wa kí ilẹ̀ tó ṣú. Àwọn èèyàn ń kí ara wọn kú oríire. Ta ni wọ́n fi físà dù? Wọn ò sọ. Òfin Amẹ́ríkà ka ọ̀rọ̀ físà sí àṣírí láàárín wọn àti ẹni tó béèrè rẹ̀. Ẹni tó bà wá jẹ́ lè wà ní ìjókòó iwájú nílé ìjọsìn wa ní Kàbà ní Sunday, kó nawọ́ kí wa, "Ọ̀kun o," ká sì dáhùn tẹ̀rín-tẹ̀rín. Àwọn tó gún wa lọ́bẹ mọ ara wọn, ẹ́ḿbásì mọ̀ wọ́n, àwa tí ọ̀bẹ gún nìkan ni kò mọ̀ wọ́n. Ìyà irú èyí lè dun ẹni tó ń jẹ ẹ́, kì í ṣe pé kò dùn ún. Ṣùgbọ́n kò kọ́ ìlú ní ohunkóhun. Ìlú kò lè fi dìbò, kò lè fi pe ẹjọ́, kò lè fi ṣọ́ra.

Ohun kan náà ni mo rí nínú owó tó ń pa dà bọ̀. Ní oṣù Kẹta ọdún 2021, mínísítà wa fún ètò ìdájọ́ àti aṣojú Ìlú Ọba jọ tọwọ́ bọ̀wé ní Àbújá lórí mílíọ̀nù 4.2 pọ́n-ùn tí wọ́n gbà nínú ẹjọ́ Ibori. Ìwé náà ní kí wọ́n fi ṣe ọ̀nà Èkó sí Ìbàdàn, ọ̀nà Àbújá sí Kánò àti afárá kejì lórí odò Ọya. Àwọn ará Delta figbe ta pé owó àwọn mà ni. Àwọn méjì tó tọwọ́ bọ̀wé kò jí kọ́bọ̀, ohun tí wọ́n ṣe bófin mu. Ẹni tí ilé ìwòsàn rẹ̀ kò ní páànù ni kò sí nídìí tábìlì. Nígbà tó di 2023, wọ́n ṣe ti Alamieyeseigha, gómìnà Bayelsa tẹ́lẹ̀, lọ́nà mìíràn: Amẹ́ríkà dá owó tó sún mọ́ mílíọ̀nù kan dọ́là pa dà, wọ́n sì fẹnu kò pé ilé ìwòsàn ní Bayelsa, níbi tí owó ti kúrò, ni wọ́n máa fi ṣe. Wọ́n lè ṣe é dáadáa nígbà náà, bí ẹnì kan bá ń béèrè.

## Ta ló gba epo lájà?

Àwọn àgbà ní ẹni tó gbé epo lájà kò jalè bí ẹni tó gbà á sílẹ̀. Ní oṣù Karùn-ún ọdún 2016, wọ́n ká ẹ̀rọ gbohùngbohùn mọ́ David Cameron, olórí ìjọba Ìlú Ọba, níbi tó ti ń sọ fún ọbabìnrin pé ìwà ìbàjẹ́ Nàìjíríà kọjá sísọ. Buhari dáhùn pé òun kò wá ẹ̀bẹ̀, kí wọ́n ṣáà dá ohun ìní wa pa dà. Èsì yẹn wú mi lórí nígbà náà, ó ṣì ń wú mi lórí.

Ilé iṣẹ́ KBR ti Amẹ́ríkà gbà ní kóòtù ní oṣù Kejì ọdún 2009 pé àwọn fi rìbá ra iṣẹ́ gáàsì Bonny. Rìbá náà lé ní 180 mílíọ̀nù dọ́là. Owó ìtanràn mílíọ̀nù 402 dọ́là ni wọ́n ní kí wọ́n san, àpò ìjọba Amẹ́ríkà ló sì wọ̀. Mílíọ̀nù 35 ni Nàìjíríà gbà lọ́wọ́ Halliburton, tó ni KBR tẹ́lẹ̀, ní ọdún tó tẹ̀ lé e. Ilẹ̀ tiwa ni wọ́n ti da ọ̀rọ̀ rú, wọ́n sì san owó ẹ̀bi sí ilé tiwọn.

Òfin tí wọ́n fi mú KBR yẹn, láti 1977 ló ti wà. Ní oṣù Kejì ọdún 2025, ààrẹ Amẹ́ríkà fọwọ́ síwèé pé kí wọ́n dá a dúró ná, ó ní ó ń fa ọwọ́ àwọn oníṣòwò ilẹ̀ àwọn sẹ́yìn. Oṣù díẹ̀ lẹ́yìn náà ni wọ́n tún un ṣe, tí wọ́n sì ń lò ó lọ. Ìbò kan ṣoṣo ní orílẹ̀-èdè mìíràn, tí kò sí ìka ẹnikẹ́ni láti Ìjùmú tàbí Bùnú nínú rẹ̀, ló mì òfin tí à ń gbójú lé. Ẹni tó máa dáṣọ fún ni, ọrùn rẹ̀ là á kọ́kọ́ wò.

## Nairobi, Guatemala, Kyiv

Ní oṣù Keje ọdún 2004, Edward Clay, aṣojú Ìlú Ọba ní Kẹ́ńyà, dìde láàárín àwọn oníṣòwò ní Nairobi, ó ní àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba ibẹ̀ ti jẹun bí ọ̀jẹun débi pé wọ́n ń bì í sórí bàtà àwọn tó ń fún wọn lówó. Ọ̀rọ̀ náà gba gbogbo ayé kan. Ṣùgbọ́n ẹni tó kó ẹ̀rí jọ, tó gba ohùn àwọn mínísítà sílẹ̀, tó ní láti sá lọ sí Lọ́ńdọ̀nù ní 2005 nítorí ẹ̀mí rẹ̀, ọmọ Kẹ́ńyà ni: John Githongo. Àḿbásẹ́dọ̀ ní ààbò òfin, ohun tó le jù tí wọ́n lè fi ṣe é ni pé kí wọ́n ní kó má wá mọ́. Onílé ni wọ́n lè pa.

Guatemala gba àjèjì láyè jù gbogbo wa lọ. Àjọ CICIG, tí Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé bá wọn dá sílẹ̀, bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ níbẹ̀ ní 2007, tòun ti owó Amẹ́ríkà àti Yúróòpù. Ní 2015 wọ́n tú àṣírí olè jíjà ní ẹ̀ka aṣọ́bodè, àwọn ará ìlú ń kún gbàgede lọ́sẹ̀ dé ọ̀sẹ̀, ààrẹ Otto Pérez Molina sì fipò sílẹ̀ ní oṣù Kẹsàn-án. Ààrẹ tí wọ́n dìbò yàn lẹ́yìn rẹ̀ lé CICIG lọ ní 2019, Washington kò sì jà fún wọn bíi ti tẹ́lẹ̀. Lẹ́yìn náà, àwọn adájọ́ àti agbẹjọ́rò ìjọba tó bá wọn ṣiṣẹ́ ni wọ́n ń sá kúrò nílùú. Ohun tó ṣẹlẹ̀ sí àwọn èèyàn yìí ló ń ba mí lẹ́rù jù nínú gbogbo ọ̀rọ̀ yìí. Àlejò ṣí ilẹ̀kùn fún wọn, wọ́n jáde síta gbangba, àlejò sì lọ.

Ìlú kẹta ni Kyiv. Ní ọjọ́ 22 oṣù Keje ọdún 2025, ààrẹ Ukraine fọwọ́ sí òfin tó gba agbára lọ́wọ́ àwọn àjọ méjì tó ń gbógun ti àjẹbánu, bẹ́ẹ̀ ogun Rọ́ṣíà ń lọ lọ́wọ́. Àwọn ọ̀dọ́ kọ ọ̀rọ̀ sára páálí, wọ́n gba ìgboro. Àjọ Ìṣọ̀kan Yúróòpù náà kìlọ̀. Ní ọjọ́ 31 oṣù kan náà, ilé ìgbìmọ̀ dá agbára náà pa dà. Bí mo ṣe rí i sí rèé: ìkìlọ̀ Yúróòpù ta torí pé páálí àwọn ọ̀dọ́ ti wà nígboro. Ká ní ìgboro dá páropáro ni, ìjọba yẹn á ti bá Yúróòpù dúnàá-dúràá.

## Ẹ̀rù tó ń bà wá

Kí ló wá fà á tí ìlú tó mọ ilé káńsẹ́lọ̀ wọn fi fẹ́ kọ̀wé sí Àbújá ná? Kì í ṣe ọ̀lẹ. Ẹ̀rù ni. Ẹni tó bá béèrè lọ́wọ́ alága káńsù lè jí lọ́jọ́ kejì kí wọ́n ti gbé ọmọ rẹ̀ tó jẹ́ tíṣà lọ sí ibi tó jìn. Wọ́n lè yọ orúkọ ìyàwó rẹ̀ kúrò nínú àwọn tó máa gba ajílẹ̀. Lásìkò ìbò, ó lè rí ohun tó burú ju ìyẹn lọ. Àḿbásẹ́dọ̀ kò ní oko sí ìtòsí oko alága. Ìdí nìyẹn tí mi ò fi lè dá ará Àbújá yẹn lẹ́bi. Ó ń wá ẹni tí wọn ò lè fìyà jẹ.

Ṣùgbọ́n ẹ̀rù yẹn lè dín kù, torí nǹkan ti yí padà díẹ̀. Ní ọjọ́ 11 oṣù Keje ọdún 2024, ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ ní owó ìjọba ìbílẹ̀ gbọ́dọ̀ máa lọ tààrà sọ́wọ́ wọn, kì í ṣe gba ọwọ́ gómìnà. Ní oṣù Kẹrin ọdún 2025, ilé ẹjọ́ kan náà ní òfin ọdún 2011 yẹn de gbogbo ìpínlẹ̀, kò sí gómìnà tó lè sọ pé kò kan òun. Ìwé tí ẹgbẹ́ ìdàgbàsókè bá fọwọ́ sí lápapọ̀, pẹ̀lú òfin yẹn nínú rẹ̀, kò ní orúkọ ẹyọ ẹnì kan tí wọ́n lè gbé ọmọ rẹ̀ lọ síbi tó jìn. Ilé la ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde.

Ẹ sì rántí ohun tó ṣẹlẹ̀ ní 2024, nígbà tí EFCC ń ṣèwádìí gómìnà wa àná, Yahaya Bello. Ẹjọ́ rẹ̀ ṣì wà ní kóòtù, ó ní òun kò jẹ̀bi, mi ò sì ní ṣáájú adájọ́. Ṣùgbọ́n ilé ẹ̀kọ́ Amẹ́ríkà tó wà ní Àbújá dá owó ilé ìwé tí wọ́n ti san sílẹ̀ fún àwọn ọmọ ìdílé rẹ̀ pa dà sọ́wọ́ EFCC, ó lé ní 760,000 dọ́là. Àjọ tiwa, pẹ̀lú òfin tiwa, ló gba owó yẹn.

## Ohun tí mo fẹ́ lọ́wọ́ wọn

Èsì mi sí ìbéèrè tó ń jẹ mí lọ́kàn ni pé kí wọ́n má yọ àwọn ẹ́ḿbásì pátápátá. Kí wọ́n fún wọn ní iṣẹ́ tó jẹ́ tiwọn. Páànù ilé ìwòsàn kì í ṣe iṣẹ́ wọn, ti káńsẹ́lọ̀ ni. Tí wọ́n bá fi físà du ẹnì kan nítorí ohun tó ṣe ní Kogí, kí wọ́n sọ orúkọ rẹ̀ fún Kogí. Òfin wọn gbà wọ́n láyè láti dárúkọ àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba tó jẹ̀bi àjẹbánu ńlá ní gbangba, wọ́n sì ti ṣe bẹ́ẹ̀ fún orílẹ̀-èdè mìíràn. Tí wọ́n bá fẹ́ tọwọ́ bọ̀wé lórí owó tó ń bọ̀ nílé, kí wọ́n pe àwọn tó ni owó jókòó. Tí ẹni tó ń tú àṣírí bá ń sá fún ẹ̀mí rẹ̀, òun ni kí físà yá lára fún.

Láti 2022 ni Ìlú Ọba ti ṣòfin pé ilé iṣẹ́ òkèèrè tó bá ra ilé sọ́dọ̀ wọn gbọ́dọ̀ sọ ẹni tó ni ín gan-an, kí wọ́n sì kọ ọ́ sínú ìwé àkọsílẹ̀ ìjọba. Mo fẹ́ kí aṣojú wọn ní Àbújá máa kó àwọn orúkọ Nàìjíríà inú ìwé yẹn jáde lọ́dọọdún, kó gbé e sínú ìwé ìròyìn wa: orúkọ ẹni náà, ibi tí ilé wà, ọdún tó rà á, iye tó rà á. Owó oṣù gómìnà kì í ṣe àṣírí. Àwa fúnra wa la máa fi ìkíní wé ìkejì.